Kéèsì Ńlá fún Kọ̀ǹpútà Géèmù: Àwọn Ìbéèrè Tó Ń Dé Ṣọ́ọ̀bù Mi ní Àkúrẹ́

Lẹ́yìn North Gate FUTA ni mo ti ń to kọ̀ǹpútà géèmù fún èèyàn, ọ̀rọ̀ kéèsì ló sì ń wọlé jù lórí fóònù mi. Kéèsì tí wọ́n ń to ẹ̀rọ sí nínú ni o, kì í ṣe ti kóòtù. Ẹnì kan ti bi mí rí bóyá lọ́yà ni mí. Ohun tí mo ń fi ẹnu sọ lójoojúmọ́ ni mo kọ síbí. Mo fi àwọn ìbéèrè náà sílẹ̀ bí àwọn tó ni wọ́n ṣe bi mí.

Ẹ̀gbọ́n, èwo gan-an ló ń jẹ́ kéèsì ńlá? Gbogbo èyí tí mo rí lọ́jà ni wọ́n ń pè ní full tower.

Ẹnu ọlọ́jà kọ́ la fi ń wọn kéèsì, téèpù ni. Ìwọ̀n mọ́dábọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó tí gbogbo ẹ̀rọ yòókù ń so mọ́, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀, torí òun ni onílé. Mini-ITX jẹ́ mìlímítà 170 níbùú lóròó. Micro-ATX jẹ́ 244 níbùú lóròó. ATX tó wọ́pọ̀ jù jẹ́ 305 sí 244. E-ATX ló fẹ̀ jù nínú wọn, ó lè fẹ̀ tó 330. Ilé-iṣẹ́ Intel ló gbé ATX jáde lọ́dún 1995, ojú ihò síkúrù rẹ̀ kò sì tíì kúrò níbi tó wà látìgbà náà. Ìdí nìyẹn tí kéèsì àtijọ́ tó bá ṣì le fi lè gba bọ́ọ̀dù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Èmi ò ní pe kéèsì ní ńlá àfi tó bá gba E-ATX láìfún un lọ́rùn, tí rédíétọ̀ 360 (èyí tó ń fi omi tu ẹ̀rọ, tó ń gba fáànù 120 mẹ́ta) sì lè nà gbalaja sí òrùlé rẹ̀ tí kò ní kan ohunkóhun. Ọ̀kan wà nílẹ̀ níwájú mi báyìí. Ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 55, ó gùn ní 55 láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó sì fẹ̀ ní 24. Tẹ́ ẹ bá sọ wọ́n di púpọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 73. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́ta nìyẹn, díẹ̀ ló kù. Ẹ wá fojú inú wo kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta lórí tábìlì nínú self-contain kan ní Aule, kẹ́ ẹ sọ fún mi ibi tẹ́ ẹ máa gbé ìkòkò ọbẹ̀ sí.

Ṣé kéèsì ńlá máa ń jẹ́ kí géèmù sáré sí i?

Rárá. Irin àti gíláàsì ni. Kò lè ṣe ju pé kó má dí ẹ̀rọ tẹ́ ẹ ti rà lọ́wọ́ lọ. GPU, ìyẹn káàdì tó ń gbé àwòrán géèmù jáde, tó bá ti gbóná jù máa ń dín eré ara rẹ̀ kù kó má baà jóná. Bẹ́ẹ̀ náà ni puroséṣọ̀, ọpọlọ kọ̀ǹpútà: ọ̀pọ̀ ti Intel ń ṣe é tó bá kan nǹkan bíi dígíríì 100, Ryzen 7000 ti AMD tó bá kan 95. Tó bá ti débẹ̀, géèmù tó ń ṣàn tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ẹni tí bàtà já mọ́ lẹ́sẹ̀.

Kí ló dé tí kéèsì ńlá ọ̀rẹ́ mi fi ń gbóná ju kékeré tèmi lọ?

Àyè lọ́tọ̀, ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ lọ́tọ̀. Ẹni tó sùn nínú pálọ̀ ńlá tí wọ́n ti gbogbo fèrèsé rẹ̀ pa á làágùn ju ẹni tó sùn nínú yàrá kékeré tí fèrèsé rẹ̀ méjèèjì kọjú síra wọn.

Ọmọ kan gbé tirẹ̀ wá láti Ìjàpọ̀. Kéèsì náà ga ju orúnkún mi lọ. Gíláàsì níwájú, gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́, fáànù mẹ́ta aláràbarà ń tàn yòò lẹ́yìn gíláàsì iwájú. Mo wá ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé títí, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni mo rí lọ́tùn-ún lósì, tí ọmọńdinrín mi ò lè wọ̀. A ta géèmù fún ogún ìṣẹ́jú, GPU gùn dé dígíríì 84. Mo kàn fa gíláàsì iwájú yọ, n ò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Kí n tó mu omi ọwọ́ mi tán, ó ti wálẹ̀ sí 73. Ọmọ náà kàn ń wo gíláàsì tó wà lọ́wọ́ mi ni, kò sọ̀rọ̀. Tìtorí gíláàsì yẹn ló ṣe ra kéèsì.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá dé ìdí kéèsì lọ́jà, ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ki ọwọ́ kan bọ inú rẹ̀ sẹ́yìn páálí iwájú, kẹ́ ẹ wá fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i láti ìta bí ẹni ń fẹ́ iná ààrò. Tí ọwọ́ yín bá mọ̀ ọ́n lára, ó ń mí. Tí atẹ́gùn bá padà wá bá yín lójú, ẹ fi sílẹ̀ fún un, bó ti wù kó lẹ́wà tó. Olùtajà á wò yín bí ẹni tí orí ń yí. Kó máa wò.

Tẹ́ ẹ bá ń fẹ́ ohun tẹ́ ẹ máa fi ṣe àfiwé, ẹ wo àwòrán Fractal Design Torrent. Fáànù méjì tó jẹ́ mìlímítà 180 ló wà níwájú rẹ̀, mẹ́ta tó jẹ́ 140 wà nísàlẹ̀, wọ́n sì gbé páwà-páàkì (àpótí tó ń pín iná fún ẹ̀rọ) lọ sókè kí ìsàlẹ̀ lè ráyè. N ò ní kẹ́ ẹ lọ rà á o, owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Mo ní kẹ́ ẹ wo bí iwájú rẹ̀ ṣe là.

Fáànù mélòó ló tó?

Mẹ́ta tó ń fà á wọlé níwájú, ọ̀kan tó ń lé e jáde lẹ́yìn. Bí kéèsì bá gba 140, ẹ mú 140. Ó ń yí pẹ̀lẹ́ gbé afẹ́fẹ́ tí 120 máa fi eré àti ariwo gbé. Ojú fáànù tó ní ike agbélébùú tó di àárín rẹ̀ mú, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó fi síkúrù dè é, torí mo ti ṣí kéèsì rí tí fáànù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà inú rẹ̀ ń lé afẹ́fẹ́ jáde, tí ẹyọ kan ò fà á wọlé. Àwọn tó ní kí n fi mẹ́sàn-án sí i, iná ni wọ́n fẹ́ máa wò. Kò burú, kí wọ́n sáà sọ bẹ́ẹ̀.

Ọyẹ́ ń bọ̀ lọ́nà. Ṣé kéèsì ńlá ò ní di ilé eruku?

Á di ilé eruku, àfi tẹ́ ẹ bá tètè ṣètò. Eruku tó ń bá ọyẹ́ wá láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, aṣálẹ̀ Sàhárà ló ti ń wá, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń gbéra láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad. Ó kúnná bí èlùbọ́. Kò dà bí erùpẹ̀ pupa tí okadà ń rú sókè ládùúgbò tí kò ní ọ̀dà, èyí tó wúwo tó sì ń tètè balẹ̀. Ti ọyẹ́ ń léfòó wọ ibi tẹ́ ẹ ò rò.

Ẹ wá kéèsì tó ní asẹ́ níwájú, lókè, àti lábẹ́ páwà-páàkì. Ó gbọ́dọ̀ ṣe é fà yọ láìtú síkúrù kankan. Asẹ́ tí ẹ máa tú síkúrù mẹ́fà kẹ́ ẹ tó yọ ọ́, ẹ ò ní yọ ọ́ láéláé. Mo mọ̀ yín, mo mọ ara mi. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì lákòókò ọyẹ́, ẹ ṣàn án lábẹ́ omi ẹ̀rọ, ẹ sá a kó gbẹ dáadáa, ẹ dá a padà. Ẹ tún jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé pọ̀ ju èyí tó ń jáde lọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, gbogbo ojú ihò wẹ́wẹ́ tí kò ní asẹ́ á máa ti afẹ́fẹ́ jáde. Bó bá jẹ́ òdì kejì rẹ̀, àwọn ihò yẹn náà ni eruku máa fi ṣe ilẹ̀kùn.

Ní ti fífẹ́ eruku kúrò nínú ẹ̀rọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé kọ̀ǹpútà lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà. Mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é, èmi náà ṣe é nígbà tí n kò tíì gbọ́n. Lẹ́bàá títì Ọba-Ilé ni. Ọ̀gá náà fa rọ́bà rẹ̀ wá, ó fẹ́ ẹ fùú, eruku rọ́ jáde bí èéfín igi tútù, inú mi ń dùn. Ìgbà tí mo tẹjú mọ́ ọn ni mo rí ẹ̀kán omi wínníwínní lórí bọ́ọ̀dù, ó pọ́n díẹ̀ bí omi ìpẹtà, ó sì ń rùn bí epo ẹ̀ńjìnnì. Omi máa ń kóra jọ sínú táǹkì ẹ̀rọ yẹn, epo rẹ̀ náà sì ń bá afẹ́fẹ́ jáde. Fún táyà, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ọjọ́ méjì ni mo fi gbé bọ́ọ̀dù náà sójú fèrèsé kí n tó láyà láti tan án. Blower kékeré tó ń lo iná àti búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ti tó. Ẹ fi ìka di abẹ fáànù mú nígbà tẹ́ ẹ bá ń fẹ́ ẹ, kó má baà máa yí bí ìjì, kí bẹ́rínì rẹ̀ má baà bàjẹ́.

Ṣé mi ò kàn lè ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí n kọ fáànù onídùúró sí i?

Ìgbóná á dínkù, n ò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ gbogbo ará ilé lẹ ti ṣílẹ̀kùn fún yẹn. Mo ti ṣí kọ̀ǹpútà rí tí ọmọńlé gbẹ mọ́ ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù rẹ̀, ìrù rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ìdí puroséṣọ̀, ẹsẹ̀ iwájú kan irin kéèsì. Ẹ̀rọ kú, òun náà kú. Ara kéèsì máa ń móoru lálẹ́, aáyán àti ọmọńlé sì fẹ́ràn ibi tó bá móoru.

Ẹ wo ẹ̀yìn kéèsì náà. Nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú, ńṣe ni wọ́n gé irin tó bo ojú káàdì sí ara kéèsì gan-an. Tẹ́ ẹ bá ti fi ọwọ́ já a lẹ́ẹ̀kan, kò sí bó ṣe máa padà. Ẹ mú èyí tó ní síkúrù, tẹ́ ẹ lè dá padà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá yọ káàdì.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé káàdì mi á wọ̀ ọ́?

Àbúrò, wọn káàdì ná kí o tó wọn kéèsì. RTX 4090 tí NVIDIA fúnra wọn ṣe gùn ní mìlímítà 304. Tàwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn máa ń kọjá 340. Lẹ́yìn náà, wo gíga kúlà puroséṣọ̀: Noctua NH-D15 ga ní 165, kéèsì tí kò fẹ̀ tó á jẹ́ kí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ jókòó lé e lórí, kò ní pa dé.

Ibi tí wọ́n ti ń jìn sí kòtò nìyí. Wọ́n á kọ ọ́ sára páálí pé kéèsì gba káàdì tó gùn tó 400. Òótọ́ ni, kí rédíétọ̀ tó débẹ̀. Tí o bá gbé rédíétọ̀ síwájú, òun fúnra rẹ̀ nípọn tó nǹkan bíi 27, fáànù rẹ̀ jẹ́ 25. Yọ 52 kúrò, 348 ló kù fún ọ. Wáyà iná káàdì ìgbàlódé kò sì fẹ́ kí wọ́n ká òun nídìí, fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ààbọ̀ sílẹ̀ kó tó tẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń mú kí èèyàn nílò kéèsì tó fẹ̀, ju gígùn káàdì lọ.

Bí o bá lè gbé rédíétọ̀ sókè, gbé e sókè. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí pọ́ǹpù tó ń ti omi rẹ̀ kiri wà lókè ju gbogbo rédíétọ̀ lọ, torí afẹ́fẹ́ inú omi á kóra jọ sínú rẹ̀, á máa kùn, kì í sì í pẹ́ kú.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Òǹdó ni mo wà. Ọmọ mi ló ní kí n fi owó kéèsì ránṣẹ́. Ṣé àpótí lásán ló ń gbówó báyìí?

Ẹ ṣeun mà, ẹ kú ìnáwó ọmọ. Irin tó nípọn, asẹ́ àti fáànù gidi ló ń gba owó níbẹ̀. Iná tó ń tàn náà ń gbà á, ìyẹn lẹ lè dín kù. Ìlànà tèmi ni pé kéèsì ò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo owó kọ̀ǹpútà náà lọ. Tó bá ti ń lọ sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá, mà, ọ̀ṣọ́ lọmọ yín ń rà.

Ẹ wá bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé páwà-páàkì ti wà nínú rẹ̀? Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀fẹ́ sì ni, ẹ ní kó dá a padà. Sítíkà ara rẹ̀ á ní wáàtì 600, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gbé e sọ́wọ́, ó fúyẹ́ bí páálí bisikíìtì. Iná wa tó ń lọ tó ń bọ̀ yìí, òun ló máa kọ́kọ́ pa, tó bá sì ń kú lọ, ó lè mú bọ́ọ̀dù àti káàdì tẹ́ ẹ fi ọ̀pọ̀ owó rà dání. Kéèsì lọ́tọ̀, páwà-páàkì lọ́tọ̀.

Tí mo bá fara kan irin kéèsì mi, ó ń ta mí ṣín-ín-ṣín-ín. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ó ṣeé ṣe kó má bàjẹ́. Áàsì ni kò sí nílé yín. Àwọn kàpásítọ̀ kéékèèké kan wà nínú páwà-páàkì tó ń sẹ́ ìdọ̀tí iná, ara irin kéèsì ni wọ́n ń darí rẹ̀ sí, kí wáyà áàsì lè gbé e lọ sínú ilẹ̀. Tí áàsì ò bá sí, irin kéèsì á gbé nǹkan bí ìdajì fólìtì 230 tó ń wọlé. Agbára rẹ̀ kéré, ìdí nìyẹn tó fi ń ta bí èèrà dípò kó gbé yín ṣánlẹ̀. Ó tún lè ba ẹnu HDMI jẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ń kì í bọ tẹlifíṣọ̀n. Kéèsì ńlá kàn ní irin púpọ̀ tẹ́ ẹ máa fara kàn ni.

Ẹ pe oníṣẹ́ iná kó ri ọ̀pá áàsì mọ́lẹ̀, kó fà á wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ má gé ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì kó lè wọ extension ẹlẹ́sẹ̀ méjì, mo ń bẹ̀ yín. Bó bá sì jẹ́ pé ó gbé yín gidi, kì í ṣe pé ó kàn ta yín, ẹ yọ ọ́ lára iná kíákíá, ẹ má tún tan án.

Ṣé kéèsì ńlá ò ní fa iná ínfátà mi gbẹ?

Fáànù kan kì í ju wáàtì kan sí mẹ́ta lọ. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ bá wí. Kọ̀ǹpútà géèmù tó ń fa wáàtì 450 lórí bátìrì 220Ah olófólìtì 12: iná inú bátìrì náà jẹ́ 2,640 wáàtì-wákàtí, ẹ ò sì gbọdọ̀ lò kọjá ìdajì bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́. Ẹ yọ èyí tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ. Wákàtí méjì ààbọ̀ ló kù, tí fíríìjì ò bá sí lórí rẹ̀.

Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ńkọ́?

Ó dára láti wò. Ẹ má ṣáà gbé e kalẹ̀ sórí táìlì. Gíláàsì yẹn le lójú, ẹ lè gbá àárín rẹ̀ lẹ́ṣẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ni ikú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan fi igun rẹ̀ kan táìlì pálọ̀, kò sọ ọ́ o, ó kàn gbé e nàró ni. Ó dún bí ẹni da ìrẹsì sórí páànù. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n ṣì ń rí i lábẹ́ àga. Búláńkẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ tẹ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó tú u.

Tòkunbọ̀ ńkọ́?

Mo fẹ́ràn wọn, irin àtijọ́ nípọn. Ẹ kàn sá fún kéèsì kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Púpọ̀ nínú wọn ni ihò síkúrù wọn kò bá ATX mu, tí páwà-páàkì wọn sì ní ìrísí tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ gbé bọ́ọ̀dù yín dání lọ sí ìdí rẹ̀.

Mo rí i ní Computer Village ní Ìkẹjà, owó rẹ̀ dín. Ṣé kí n ní kí wọ́n tò ó tán kí n tó gbé e wálé?

Ẹ ra kéèsì náà nínú páálí rẹ̀, kẹ́ ẹ wá tò ó nílé. Bí wọ́n bá ti tò ó, ẹ ní kí wọ́n yọ GPU kẹ́ ẹ gbé e lọ́wọ́, torí káàdì tó wúwo á jà mọ́ ojú bọ́ọ̀dù ní gbogbo kòtò tó wà láàárín Iléṣà sí Àkúrẹ́. Ẹ dá kéèsì dùbúlẹ̀ kí bọ́ọ̀dù tẹ́ sílẹ̀, kí kúlà wà lóròó, kí gíláàsì kọjú sókè pẹ̀lú páálí lórí rẹ̀. Ẹ sọ fún dírẹ́bà pé ẹ ò fẹ́ kí wọ́n gbé àpò gààrí lé e. Á ní kò sí wàhálà. Ẹ jókòó tì í.